Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Òfin Oògùn Olóró àti Ipò Olùjẹ́jọ́ ní Nàìjíríà, 1966 sí 2024

Àṣamọ̀

Láti 1966 ni àwọn ìjọba Nàìjíríà ti ń le òfin oògùn olóró, tí wọ́n ń dẹ̀ ẹ́, tí wọ́n sì tún ń le é padà. Púpọ̀ nínú ohun tí a ti kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí dá lé òwò oògùn fúnra rẹ̀ tàbí orúkọ rere orílẹ̀-èdè. Àpilẹ̀kọ yìí yí ojú sí ibòmíràn: ó bèèrè ohun tí òfin líle ń sọ ẹni tí a fẹ̀sùn kàn dà kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀. A ṣe àgbéyẹ̀wò Òfin Igbó ti 1966, Àṣẹ Ìjọba Ológun Nọ́ńbà 20 ti 1984, òfin tí ó dá àjọ NDLEA sílẹ̀ ní 1989, Àṣẹ Nọ́ńbà 33 ti 1990, àti àbá ìdájọ́ ikú tí ó wáyé ní 2024. A tún wo ìrírí àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Britain àti Saudi Arabia. Èrò wa ni pé kì í ṣe gígùn ẹ̀wọ̀n nìkan ni òfin líle ń pọ̀ sí i. Ó tún ń dín àyè tí olùjẹ́jọ́ ní láti jẹ́ ẹjọ́ rẹ̀ kù.

Ìfáárà

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹrin, 1985, wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta ní ìlú Èkó. Orúkọ wọn ni Lawal Ojuolape, ẹni ọgbọ̀n ọdún. Bernard Ogedengbe, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Àti Bartholomew Owoh, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Òwò oògùn olóró ni ẹ̀sùn tí a fi kàn wọ́n. Wọn kò pa ènìyàn, wọn kò sì gbé ìbọn lé ẹnikẹ́ni lórí. Àwọn ènìyàn pàtàkì láwùjọ bẹ ìjọba pé kí ó dá ẹ̀mí wọn sí, ṣùgbọ́n ìjọba kò gbọ́.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà di àpá tí kò jinná nínú ìtàn òfin ilẹ̀ wa ju ikú náà lọ. Oṣù Keje 1984 ni ìjọba ológun kọ òfin tí ó sọ pé ikú ni ìjìyà irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kí a kà á sí òfin tí ó ti wà láti ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá, 1983. Ó kéré tán, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, Ogedengbe, ti ṣe ohun tí a tìtorí rẹ̀ mú un kí ẹnikẹ́ni tó kọ òfin ikú náà sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó ṣe é, ìjìyà rẹ̀ kò kọjá ẹ̀wọ̀n. Lọ́jọ́ tí ó dé iwájú ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́, ó ti di ikú.

Èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi kò tí ì gbọ́njú nígbà náà. Nínú ìwé ni a ti bá ìtàn náà pàdé, kì í ṣe lórí rédíò. Bóyá ìdí nìyẹn tí ó fi rọrùn fún àwọn kan nínú ìran tiwa láti pariwo pé kí ìjọba máa pa gbogbo oníṣòwò oògùn olóró. Nígbà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fi ọwọ́ sí irú àbá bẹ́ẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 2024, ọ̀pọ̀ ló pàtẹ́wọ́. Àpilẹ̀kọ yìí kò sọ pé oògùn olóró kò ba ayé jẹ́. Ó ń ba ilé jẹ́, ó ń ba ọmọ jẹ́, kò sì sí àdúgbò ní Ìbàdàn tàbí Èkó tí kò ní ìtàn tirẹ̀ láti sọ. Ìbéèrè wa ni èyí: tí òfin bá le, ta ni ó le mọ́?

Ẹjọ́ àti ọ̀ràn: ohun tí èdè wa ti mọ̀

Kí a tó wọ inú òfin, ó yẹ kí a fetí sí èdè. Yorùbá fi ìyàtọ̀ sáàárín ẹjọ́ àti ọ̀ràn. Ẹjọ́ ni à ń gbọ́. Ọ̀ràn ni à ń dá. Ẹni tí ó ń jẹ́ ẹjọ́ ni olùjẹ́jọ́, ìyẹn ẹni tí a pè tí ó sì ń dáhùn. Ẹni tí ó ti dá ọ̀ràn ni ọ̀daràn. Láàárín àwọn méjèèjì ni afurasí wà, ẹni tí àwọn ènìyàn fura sí. Ìfura wà lọ́kàn àwọn tí ń wo ẹni náà. Kò fi hàn pé ẹni náà ṣe nǹkan kan. Nítorí náà, bí ènìyàn bá ti inú ipò afurasí bọ́ sí ipò ọ̀daràn láìkọjá níbi ìgbẹ́jọ́, èdè fúnra rẹ̀ mọ̀ pé a ti fo ilé kan. Òwe tí ó sọ pé agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, kò yọ ẹ̀sùn kankan sílẹ̀. Kò sọ pé òun kò kan ọ̀rọ̀ oògùn.

Orúkọ tí a fún ohun tí òfin ń lé náà yẹ fún àkíyèsí. Oògùn lásán kì í ṣe ohun búburú: òun ni ó ń wo ibà, òun ni ó ń mú ọmọ jí. Ọ̀rọ̀ náà olóró ni ó yí i padà, nítorí oró ni ohun tí ejò ń tú jáde, òun náà sì ni a ń sọ nígbà tí a bá ní ẹnì kan dá ẹlòmíràn lóró. Ní ti ewéko tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní cannabis, igbó ni à ń pè é, orúkọ kan náà tí a fi ń pe aginjù tí àwọn tí ń gbìn ín ń sá wọ̀. Nígbà tí a bá gbọ́ lórí rédíò pé ọwọ́ tẹ ẹni tí ó gbé oògùn olóró, ọ̀rọ̀ náà ti gbé oró rù ú kí ilé ẹjọ́ tó ṣí ilẹ̀kùn. A kò sọ pé kí oníròyìn yí èdè padà. Ohun tí a ń sọ ni pé òfin tí ó le máa ń bá irú ìgbọ́ràn yìí rìn, àwọn méjèèjì sì jọ ń ti olùjẹ́jọ́ lẹ́yìn.

Òfin Igbó: 1966 sí 1975

Ìtàn tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń sọ ni pé àwọn ọmọ ogun tí ó ti Burma àti India dé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ló mú èso igbó wọ ilẹ̀ wa. Láàárín ogún ọdún, ó ti di ohun tí a ń gbìn nínú igbó ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn. Ìjọba amúnisìn ti ní òfin oògùn tirẹ̀ láti 1935, ṣùgbọ́n ìjọba ológun àkọ́kọ́, ti Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, ni ó kọ́kọ́ fi ikú sínú ọ̀rọ̀ náà. Òfin Igbó, Nọ́ńbà 19 ti 1966, sọ pé ẹni tí ó bá gbin igbó lè kú, tàbí kí ó lọ ẹ̀wọ̀n tí kò ní dín sí ọdún mọ́kànlélógún.

Kí a ro ẹni tí òfin yìí yóò bá lóko. Ẹni tí ó ni owó kì í sábà gbé ọkọ́ dání. Alágbàṣe ni, tàbí ọmọ àgbẹ̀ tí a fún ní ilẹ̀ kékeré láàárín kòkó. Níwájú òfin 1966, alágbàṣe náà àti ẹni tí ó ni oko jọ gbin igbó, ẹnu ọ̀nà kan náà sì ni wọ́n jọ dúró sí. Adájọ́ kò ní àyè láti sọ pé èyí kéré sí ìyẹn, nítorí ìjìyà tí ó kéré jù tí òfin fún un láti mú ni ọdún mọ́kànlélógún.

Ní 1975, ìjọba ológun mìíràn tún òfin náà ṣe. Ó yọ ikú kúrò, ó dín ọdún ẹ̀wọ̀n kù, ó sì gba ẹni tí wọ́n mú pẹ̀lú igbó mímu láàyè láti san owó ìtanràn igba náírà tàbí kí ó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ìyípadà yìí ṣe pàtàkì fún ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ ní gbangba pé òfin 1966 ṣì ènìyàn lọ́nà. Wọ́n kàn yí i padà ni. Irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò tún wáyé ní 1986. Ìjọba máa ń pariwo nígbà tí ó bá ń le òfin, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nígbà tí ó bá ń dẹ̀ ẹ́. Ohun tí ó ń bọ́ lọ láàárín méjèèjì ni ọdún tí àwọn tí òfin líle ti mú kò ní rí gbà padà.

Àṣẹ Nọ́ńbà 20 àti òfin tí ń rìn sẹ́yìn

Ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari dé ní ìparí 1983 pẹ̀lú ìlérí pé òun yóò tún ìwà ọmọ Nàìjíríà ṣe. Àkókò náà le: owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, iṣẹ́ wọ́n, àwọn ọ̀dọ́ tí ó ní ìwé ìrìnnà sì ń wá ọ̀nà àtijẹ lókè òkun. Nínú irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ni gbígbé kokéènì àti heroin gba Èkó kọjá lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Ìtìjú bá ìjọba. Ìdáhùn rẹ̀ ni Àṣẹ 20, tí ó kó oríṣiríṣi ẹ̀ṣẹ̀ pọ̀ sínú àpò kan: títi iná bọ ilé ìjọba, bíba ọ̀pá epo àti wáyà iná mànàmáná jẹ́, jíjí ìwé ìdánwò, àti òwò kokéènì. Ẹni tí ó bá jí ìdánwò wò lè lọ ẹ̀wọ̀n ọdún mọ́kànlélógún. Ẹni tí ó bá ta kokéènì, tí ó bá ń ṣòwò rẹ̀, tàbí tí ó tilẹ̀ fà á símú, ìbọn ni yóò pa á.

Ọ̀nà mẹ́rin ni àṣẹ yìí gbà yí ipò olùjẹ́jọ́ padà, ìyípadà kọ̀ọ̀kan sì fún èkejì lágbára.

Èkíní ni àkókò. Abala 33 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1979 ti sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ìjìyà tí ó wúwo ju èyí tí ó wà lọ́jọ́ tí ènìyàn ṣe nǹkan jẹ ẹ́ níyà. Ìwé àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Áfíríkà, tí Nàìjíríà sọ di òfin tirẹ̀ ní 1983, kò gbà kí a dá ènìyàn lẹ́bi lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin nígbà tí ó ṣe é. Ìdí irú òfin bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Òfin jẹ́ ìkìlọ̀. Ẹni tí kò gbọ́ ìkìlọ̀ nítorí pé ẹnikẹ́ni kò tí ì sọ ọ́, a kò lè sọ pé ó kọ etí ikún sí i.

Èkejì ni ibi tí a ti gbọ́ ẹjọ́. Wọn kò gbé àwọn olùjẹ́jọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ tí gbogbo ayé mọ̀. Ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ pàtàkì, tí àwọn ológun wà lára àwọn tí ó jókòó níbẹ̀, ni ó gbọ́ ẹjọ́ wọn.

Ẹ̀kẹta ni ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Lẹ́yìn ìdájọ́, ìgbìmọ̀ tí ó ga jù nínú ìjọba ológun ni ó ń fọwọ́ sí i, ìyẹn àwọn kan náà tí ó kọ òfin. Kò sí ilé ẹjọ́ gíga kankan tí olùjẹ́jọ́ lè sá tọ̀ láti sọ pé àṣìṣe ti wáyé.

Ẹ̀kẹrin ni pé wọ́n ti dí ọ̀nà àbáyọ mìíràn ṣáájú. Àṣẹ Nọ́ńbà 13 ti 1984 kò jẹ́ kí ilé ẹjọ́ kankan bèèrè bóyá àṣẹ ìjọba ológun tako ìwé òfin. Agbẹjọ́rò tí ó bá dìde láti sọ pé òfin yìí ń rìn sẹ́yìn, ó ń sọ òtítọ́ tí kò sí etí tí a yọ̀ǹda fún láti gbọ́ ọ.

Bí a bá to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, a óò rí i pé ìdájọ́ ikú kò dá nìkan wà. Ó nílò òfin tí ń rìn sẹ́yìn kí ó lè tètè rí ẹni tí yóò pa. Ó nílò ìgbìmọ̀ tí kò ní pẹ́. Ó nílò kí a ti ilẹ̀kùn kòtẹ́milọ́rùn, torí ẹjọ́ tí ó bá ń lọ tí ó ń bọ̀ yóò sọ ìdẹ́rùbà náà di yẹpẹrẹ. Líle ìjìyà àti dídín ẹ̀tọ́ olùjẹ́jọ́ kù jẹ́ ọmọ ìyá kan náà ní 1984.

Ikú àwọn mẹ́ta náà mú ìbínú wá láwùjọ. Wole Soyinka kò gbàgbé rẹ̀: nínú àròkọ tí ó kọ ní 2007, nígbà tí Buhari ń du ipò ààrẹ, ó ka ikú àwọn ọ̀dọ́ náà mọ́ ohun tí ó yẹ kí a tìtorí rẹ̀ kọ̀ ọ́. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn náà, ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ, 1985, Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gba ìjọba. Ní 1986, wọ́n tún Àṣẹ 20 ṣe, wọ́n sì fi ẹ̀wọ̀n gbére rọ́pò ikú. Ọdún kan péré ni ó wà láàárín ikú àti ẹ̀wọ̀n. Bí ẹjọ́ àwọn mẹ́ta náà bá falẹ̀ bí ẹjọ́ ṣe máa ń falẹ̀ ní Nàìjíríà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣì wà láàyè lónìí, kí wọ́n sì ti di bàbá àgbà.

Ìyà ẹlẹ́ẹ̀kejì: 1989 àti 1990

Ní òpin 1989, Àṣẹ Nọ́ńbà 48 dá àjọ NDLEA sílẹ̀. Òfin náà, tí ó ṣì wà títí di òní, kò ní ìdájọ́ ikú, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́lẹ́. Ẹni tí ó bá kó oògùn olóró wọlé tàbí jáde, tí ó ṣe é, tí ó gbìn ín, tàbí tí ó tà á, ẹ̀wọ̀n gbére ni. Ẹni tí a bá ká a mọ́ lọ́wọ́ tàbí tí ó ń lò ó, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ìwé òfin kọ. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọmọ ogún ọdún tí wọ́n bá wíìtì igbó kan lápò rẹ̀. Bí adájọ́ bá tẹ̀lé ìwé bí ó ti wà, ọmọ náà yóò jáde lẹ́wọ̀n ní ẹni ọdún márùndínlógójì, ó kéré tán.

Ọdún kan lẹ́yìn náà ni Àṣẹ Nọ́ńbà 33 ti 1990 dé. Àṣẹ yìí kò wo ohun tí ẹnì kan ṣe ní Nàìjíríà. Ó sọ pé ọmọ Nàìjíríà tí ilé ẹjọ́ ilẹ̀ òkèèrè bá dá lẹ́bi lórí oògùn olóró ti ba orúkọ Nàìjíríà jẹ́, kí ó sì lọ ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún nílé láìsí àǹfààní owó ìtanràn. Ohun ìní rẹ̀ náà lè di ti ìjọba. Ẹni tí ó ti lo ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tán ní London tàbí New York, tí wọ́n wá fi ọkọ̀ òfuurufú dá padà sí Ìkẹjà, yóò bá àwọn òṣìṣẹ́ NDLEA tí ń dúró dè é.

Ọgbọ́n òfin náà yẹ kí a yẹ̀ wò. Kò sọ pé a tún ń fi ìyà jẹ ènìyàn lórí ohun kan náà, nítorí ìyẹn lòdì sí ìlànà òfin tí ó ti pẹ́. Ó sọ ẹ̀ṣẹ̀ náà ní orúkọ tuntun: bíba orúkọ ìlú jẹ́. Yorùbá mọ bí ìwà ọmọ kan ṣe lè ba orúkọ ilé jẹ́, nítorí náà òfin náà dún létí bí ọ̀rọ̀ àgbà. Ṣùgbọ́n nínú ilé, bàbá tí ọmọ rẹ̀ ti jìyà lóde kì í tún so ó mọ́ òpó bí ó bá padà wálé. Ohun kan ṣoṣo tí olùpẹjọ́ nílò ni ìwé ìdájọ́ ilẹ̀ òkèèrè. Olùjẹ́jọ́ kò lè bi ẹlẹ́rìí léèrè, nítorí àwọn ẹlẹ́rìí wà ní òdì kejì òkun. Kò lè sọ pé òun kò mọ ohun tí ó wà nínú àpò náà, nítorí ilé ẹjọ́ tí ó gbọ́ ìyẹn ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ó di olùjẹ́jọ́ tí kò ní ẹjọ́ kankan láti jẹ́.

Ní òdì kejì òkun

Òfin kò le nílé nìkan. Ní Britain, òfin kan ní 1985 gbé ìjìyà tí ó ga jù fún òwò kokéènì àti heroin láti ọdún mẹ́rìnlá sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ní 1986, òfin mìíràn gba ilé ẹjọ́ láàyè láti kà á sí pé owó oògùn ni gbogbo ohun tí ó ti kọjá lọ́wọ́ ẹni tí a dá lẹ́bi láàárín ọdún mẹ́fà ṣáájú, àyàfi bí òun fúnra rẹ̀ bá fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Èyí tí ó kan àwọn ènìyàn wa jù ni ìdájọ́ ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ilẹ̀ náà nínú ẹjọ́ Aramah ní 1982, lórí igbó tí wọ́n kó wọlé láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Adájọ́ àgbà, Lord Lane, fi ìlànà lélẹ̀ pé ìwà rere tí agbérù ti ní tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ wúwo púpọ̀ lórí òṣùwọ̀n, nítorí àwọn ọ̀gá òwò náà mọ̀ọ́mọ̀ ń wá àwọn tí wọn kò ní àbàwọ́n tí àánú wọn sì lè ṣe ilé ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ náà ní ọgbọ́n nínú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó túmọ̀ sí fún opó tí wọ́n tàn, tàbí ìyá ọlọ́mọ tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn. Ìwà rere rẹ̀ gbogbo ọjọ́ ni wọ́n fi rí i yàn, ìwà rere náà ni kò sì lè gbà á. Ọgbọ̀n ọdún kọjá kí ìlànà ìdájọ́ tuntun tó dé ní 2012 láti sọ fún àwọn adájọ́ ibẹ̀ pé kí wọ́n wo ipa tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kó: ṣé ọ̀gá ni, àbí ẹni tí wọ́n fipá mú tàbí tí wọ́n tàn. Wọn kò dẹ òfin mọ́ àwọn ọ̀gá. Wọ́n kàn dá ìyàtọ̀ tí òfin líle ti pa rẹ́ padà ni.

Saudi Arabia fi apá mìíràn hàn wá, níbi tí ikú ṣì jẹ́ ìjìyà. Ní ìparí 2018, wọ́n mú akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan láti Kano tí ó bá àwọn ẹbí rẹ̀ lọ ṣe ùmúrà, nítorí wọ́n bá tramadol nínú àpò kan tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Àpò náà kì í ṣe tirẹ̀. Ìwádìí NDLEA nílé fi hàn pé àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú Kano kan ló ń lẹ orúkọ arìnrìn-àjò mọ́ ẹrù tí kì í ṣe ti wọn. Ìjọba Nàìjíríà dá sí i, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn, wọ́n sì dá a sílẹ̀ ní òpin oṣù Kẹrin 2019 lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́rin ní àhámọ́.

Ohun tí ó gba ẹ̀mí rẹ̀ là ni àkókò. Bí ìgbìmọ̀ irú ti 1984 bá ni ó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ìwé pélébé tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ ì bá ti tó ẹ̀rí, òtítọ́ ì bá sì dé lẹ́yìn ìsìnkú. Àjọ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ mímú àwọn oníṣòwò oògùn náà ni ó ṣe ìwádìí tí ó tú u sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ wà nínú ìyẹn: ìwádìí tí ó jinlẹ̀ ń dáàbò bo aláìṣẹ̀, ó sì ń mú ẹlẹ́ṣẹ̀. Ìjìyà tí ó wúwo kò lè ṣe èkíní, kò sì dájú pé ó ń ṣe èkejì.

Lẹ́yìn 1999: inú ilé ẹjọ́

Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní 1999, ẹjọ́ oògùn olóró bọ́ lọ́wọ́ àwọn ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ pàtàkì, ó sì wọ Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀. Abala 36 nínú Ìwé Òfin 1999 dá ohun tí 1984 gbà lọ́wọ́ olùjẹ́jọ́ padà: a kà á sí aláìjẹ̀bi títí ilé ẹjọ́ yóò fi dá a lẹ́bi, ìjìyà tí ó wúwo ju ti ọjọ́ tí ó ṣe nǹkan kò gbọdọ̀ jẹ́ tirẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ gbẹ́jọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí ohun kan náà. Òfin ìlànà ẹjọ́ ọ̀daràn ti 2015 fi kún un pé ó yẹ kí a gba ìjẹ́wọ́ afurasí sílẹ̀ ní kíkọ tàbí lórí fídíò, agbẹjọ́rò rẹ̀ sì lè wà níbẹ̀.

Nínú ẹjọ́ NDLEA lónìí, ìwé ni ó ń sọ̀rọ̀: ìwé tí ó fi hàn pé wọ́n dán ohun tí wọ́n bá wò, ìwé tí ó fi hàn pé wọ́n dì í pa, ìwé tí wọ́n fi bẹ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àti èsì àyẹ̀wò náà. Agbẹjọ́rò tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò wá ibi tí ẹ̀wọ̀n náà ti já láàárín ọwọ́ tí ó gba nǹkan náà àti ọwọ́ tí ó gbé e dé ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní agbẹjọ́rò? Alágbàṣe oko igbó ní Oǹdó kò ní. Níwájú rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n gbére dúró sí. Bí olùpẹjọ́ bá sọ fún un pé tí ó bá gbà pé òun jẹ̀bi, ẹ̀sùn tí ó fúyẹ́ àti ọdún díẹ̀ ni yóò rí, yóò gbà. Ẹni tí ó jẹ̀bi yóò gbà. Ẹni tí kò jẹ̀bi pẹ̀lú lè gbà, bí ó bá fi ẹ̀wọ̀n gbére wé ọdún méjì. Bí ìjìyà tí ó wà lórí tábìlì bá ṣe wúwo tó ni ó ṣe máa ń ṣòro tó fún ènìyàn láti dúró kí ó sì sọ pé òun kò ṣe é. Báyìí ni òfin líle ṣe ń gba ẹjọ́ lẹ́nu olùjẹ́jọ́ láìti ilẹ̀kùn kankan.

Inú irú ayé yìí ni àbá 2024 bọ́ sí. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Karùn-ún, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fi ọwọ́ sí i pé kí ikú rọ́pò ẹ̀wọ̀n gbére nínú òfin NDLEA. Ohùn ẹnu ni wọ́n fi dìbò, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Aṣòfin kan ṣàròyé pé ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú kò yẹ kí ó lọ ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, pé ó yẹ kí a ka ìbò ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àròyé rẹ̀ kò yí nǹkan padà lọ́jọ́ náà. Ikú kò sí nínú ẹ̀dà ti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin, àwọn méjèèjì sì ní láti jọ fẹnu kò kí àbá kan tó lè di òfin.

Ìyàtọ̀ wà láàárín 1984 àti 2024, ó sì yẹ kí a sọ ọ́. Kò sí òfin lónìí tí ó lè rìn sẹ́yìn láti pa ẹnikẹ́ni, ilẹ̀kùn kòtẹ́milọ́rùn sì ṣí sílẹ̀. Síbẹ̀, àpò tí a lẹ orúkọ ẹlòmíràn mọ́ kò yí padà, alágbàṣe tí kò ní agbẹjọ́rò kò sì yí padà. Ẹyin ni ohùn, àwọn àgbà wí, bí ó bá bọ́ kì í ṣeé kó. Ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n ṣeé dá padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún tí ó lọ kò ní padà. Ìdájọ́ ikú ni ẹyin tí ó ti fọ́ pátápátá.

Ìgúnlẹ̀

Ìrìn àjò tí a ti rìn láti 1966 fi ohun kan hàn léraléra. Nígbàkúùgbà tí òfin oògùn olóró bá le, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń yí padà ni ipò ẹni tí ó dúró níwájú adájọ́. Ní 1966, ó pàdánù ìyàtọ̀ láàárín ọ̀gá àti alágbàṣe. Ní 1984, ó pàdánù ààbò àkókò, ilé ẹjọ́ gbangba àti kòtẹ́milọ́rùn. Ní 1990, ó pàdánù àǹfààní pé ìyà kan yóò tó fún ẹ̀ṣẹ̀ kan. Òwò oògùn kò parẹ́ lẹ́yìn ìkankan nínú wọn. Bí ó bá parẹ́ ni, kò ní sí ìdí fún àbá 2024.

Ohun tí a rọ àwọn aṣòfin àti àwọn onímọ̀ láti ṣe kò ju mẹ́ta lọ. Kí òfin jẹ́ kí adájọ́ lè fi ìyàtọ̀ sáàárín ẹni tí ó ni òwò àti ẹni tí a bẹ̀ níṣẹ́. Kí owó ìjọba lọ sí ìwádìí àti sí agbẹjọ́rò fún aláìní kí ó tó lọ sí okùn tàbí ìbọn. Kí a sì parí ohun tí 1999 bẹ̀rẹ̀, nípa yíyọ ìyà ẹlẹ́ẹ̀kejì ti 1990 kúrò nínú ìwé òfin wa pátápátá.

Orí ń fọ́ ilẹ̀ wa lóòótọ́. Àwọn tí ń wá oògùn orí fífọ́ náà ní ẹ̀tọ́ láti wá a. Ṣùgbọ́n ní 1985, a ti dán orí bíbẹ́ wò lára àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta. Orí náà kò yé fọ́.